Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ Àyè Orúkọ

Òórùn ìrẹsì tí wọ́n ń bọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn bí ọkọ̀ láti Adó bá ti ń sún mọ́ Ìgbẹmọ nígbà náà. N kò sọ ti ìrẹsì tí a sè tán tí a bu ọbẹ̀ sí o. Èyí tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀ ni mò ń wí, nínú àgbá dúdú ńlá lórí iná igi, tí èéfín àti ooru rẹ̀ á jọ máa rìn kiri ìlú bí ẹni tí ó ń wá ojúlùmọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti dàgbà báyìí, imú mi kò sì mú bíi ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n níbikíbi tí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, ọdún tí mo jẹ́ tíṣà kíláàsì kẹfà ní ìlú náà ni ó máa ń padà wá bá mi. Ó ń lọ sí ìparí àwọn ọdún 1970, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gé Oǹdó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn tí a sì di ìpínlẹ̀ tiwa. Ọmọdébìnrin ni mí, kò ju ọdún méjì lọ tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, mo sì mọ̀ pé ó dára. Ìgbéraga mi kì í ṣe kékeré.

Ilé kan wà tí kò jìnnà sí ilé-ìwé wa, ilé bàbá àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ Àládùúrà. Ìyàwó méjì ni ó ní. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì fi wá ọmọ tí wọn kò rí. Nígbà tí Ọlọ́run sì dá wọn lóhùn, ọdún kan náà ni ó dá àwọn méjèèjì lóhùn. Ìyálé bí obìnrin, ìyàwó náà bí obìnrin. Bàbá sọ ti ìyálé ní Olúwafúnmiláyọ̀, ó sọ ti ìyàwó ní Olúwafúnmilọ́lá, nítorí ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni ó fún òun ní àwọn méjèèjì, kò sì yẹ kí orúkọ àwọn ọmọ náà jìnnà síra wọn. Láyọ̀ àti Lọ́lá ni a ń pè wọ́n. Bẹ́ǹṣì kan ni wọ́n ń jókòó lé, wọ́n jọ ń pọnmi, inú abọ́ kan ni wọ́n sì ti ń jẹun. Bí mo bá na ọ̀kan, èkejì ni yóò kọ́kọ́ sunkún.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, wọ́n sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe ètò àwọn ọmọ tí ó bá yege ìdánwò ilé-ìwé girama. A gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà ní Ìbàdàn tí ó lè ka orúkọ gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ tán kí ènìyàn tó gbé omi mì. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ kíláàsì mi: orúkọ, ilé-ìwé, ìlú, ọjọ́ ìbí. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí nígbà náà. Ọmọ tí kò ní ìwé, a ó ní kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kàn án, ó ti tó ilé-ìwé lọ nìyẹn, ọjọ́ tí ó bá sì wu tíṣà ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo bi bàbá wọn léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, “Tíṣà, ọdún kan náà ni wọ́n dé.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí iwájú àwọn méjèèjì. Ohun tí gbogbo tíṣà ń ṣe ni, n kò tilẹ̀ tún un rò lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí èsì dé, ìwé ẹyọ kan ni ó wá sí ilé bàbá náà. Ilé-ìwé girama àwọn obìnrin kan ní Adó ti gba ọmọ rẹ̀ wọlé. Mo ṣí i níwájú gbogbo wọn, inú mi ń dùn, títí mo fi dé ibi orúkọ. Ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ síbẹ̀ ni ADEBAMIGBE OLUWAFUNM. Ó parí síbẹ̀. Adébámigbé ni orúkọ bàbá wọn, ṣùgbọ́n Olúwafúnm wo? Mo yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, bóyá ìyókù wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọmọ tí kò bá dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ ìwọlé náà kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ìyálé ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ìwé ẹyọ kan,” ó ní, “ọwọ́ ìyálé ni yóò kọ́kọ́ dé.” Bàbá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fi sínú Bíbélì rẹ̀, ó ní Olúwa tí ó fún òun ní méjèèjì ni yóò sọ èyí tí yóò lọ. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ti ìyálé mi máa lọ. Ọ̀rọ̀ ulé ni, kò gbọdọ̀ dé ìta.” Wọ́n ní bí ó ṣe dìde báyìí, oko ìrẹsì ni ó mú Lọ́lá lọ, pé kí ó máa lé ẹyẹ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ti ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí odò. Èmi ni mo rí wọn. Láyọ̀ tí a ní ó rí ìwé gbà, òun náà kò lè gbé ojú sókè wò mí.

N kò lè sùn dáadáa. Lọ́lá mọ ìṣirò ju ọ̀pọ̀ lọ nínú kíláàsì náà, mo sì mọ̀ pé bí ọmọbìnrin bá fi ọdún kan jókòó sí oko ẹyẹ, ọdún kejì yóò bá a níbẹ̀, ọkọ ni yóò sì wá mú un kúrò. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Adó. Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ bàbá àgbà kan tí ó ń fi ìgò ojú rẹ̀ sí iwájú orí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó mi orí. “Ọmọ mi, ẹ̀rọ kì í gbàgbé o. Bóyá ọmọ kan ṣoṣo ni ó yege.” Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ni, kí wọ́n sọ èwo.” Ó fa bébà kan yọ, ó kọ ìwé sí àwọn ará Ìbàdàn. Ó ní òun kò ní ọkọ̀ tí yóò gbé mi, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ mi bá ń yún mi, kí n máa lọ.

Bí mo ṣe gba Ìgèdè àti Arámọkọ kọjá nìyẹn, tí mo dé Iléṣà, tí mo sì dé Ìbàdàn pẹ̀lú eruku ní gbogbo irun orí mi. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà náà. Mo bọ́ ọ. Ilẹ̀kùn náà ṣí, òtútù sì gbá mi lójú bí ìgbà tí ọyẹ́ bá dé lójijì. Inú yàrá náà mọ́ ju inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn àpótí irin gíga tò lẹ́sẹẹsẹ, àwọn kan ní rọ́bótó méjì méjì lójú tí ó ń yí, tí ó ń dúró, tí ó tún ń yí. Mo mọ̀ pé téèpù tí wọ́n ń kọ orúkọ pamọ́ sí ni wọ́n, wọ́n ti sọ fún wa, síbẹ̀ mo rò pé wọ́n ń wò mí. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, kí n má purọ́ fún ọ. N kò mọ ẹni tí mo ń kí, mo ṣáà kúnlẹ̀.

Ọkùnrin tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ náà rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe la ẹnu pé “Ẹ kú uṣẹ́,” ó ní, “Ohùn yìí, Èkìtì ni o ti wá, àbí wàá sẹ́?” Ọmọ Ìgèdè ni òun fúnra rẹ̀. Ó ka ìwé mi, ó gbé bébà fífẹ̀ kan kalẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka. Ìlà kan, ọmọ kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, láti òsì sí ọ̀tún, ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀: orúkọ, ilé-ìwé, ìlú, ọjọ́ ìbí, máàkì. “Àyè orúkọ gba lẹ́tà ogún,” ó ní. “Lẹ́tà kọkànlélógún kò ní ibi tí yóò dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni àyè ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ gé e.” Mo kà á lórí ìka mi. Adébámigbé jẹ́ mẹ́wàá, àlàfo kan, ó ku mẹ́sàn-án. Ibi tí wọ́n ti gé ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn.

“Ta ni ó ní kí ó jẹ́ ogún?” Mo bi í tìbínú-tìbínú.

“Àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ ṣètò rẹ̀. Jọ́ọ̀nù ni orúkọ tiwọn, ogún pọ̀ jù lójú wọn.”

Ó wá ṣàlàyé ìyókù fún mi. Wọn kò tíì máa fún ọmọ ní nọ́ńbà ìdánwò nígbà náà. Bí ẹ̀rọ bá rí ìlà méjì tí orúkọ, ilé-ìwé, ìlú àti ọjọ́ ìbí wọn dọ́gba, wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọ kan náà ni ó wá lẹ́ẹ̀mejì, kí ó mú èyí tí ó kọ́kọ́ rí kí ó sì da èkejì nù. Mo jókòó. Mo ní ṣé kò lè fẹ àyè àwọn ọmọ méjì yìí fún mi, kí n máa lọ. Ó ní rárá, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Bí a bá máa fẹ àyè orúkọ, ti gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ ni a ó fẹ̀; gbogbo ohun tí ó wà lápá ọ̀tún orúkọ ni yóò sì sún, nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, láìku ẹyọ kan. Mo rò ó. Mo rò ó pé bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún èmi àti bírò mi, irun mi yóò funfun sídìí rẹ̀.

Ó jókòó ti ẹ̀rọ kan tí ó jọ táípù, ó lu àwọn bọ́tìnnì rẹ̀, káàdì pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, sì jáde. Ó gbé e sókè síbi iná kí n wò ó. Ihò wínníwínní ni ó wà lára rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn wọlé. “Ogún ti di márùndínlógójì,” ó ní. Ìyẹn nìkan! Ó yọ káàdì àtijọ́ kan láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi tuntun rọ́pò, ó sì tẹ nǹkan kan. Téèpù kan ń yí, ó ń ka ti àtijọ́. Téèpù kejì ń yí, ó ń kọ tuntun. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi níbi tí mo jókòó sí láìwọ bàtà. Kò tó àsìkò tí iṣu fi ń jinná tí ó fi dúró. Gbogbo ọmọ Oǹdó, láti etí òkun títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Èkìtì, ti sún lápá ọ̀tún, wọn kò sì mọ̀.

Ó tẹ ojú ìwé kan jáde. Mo já a gbà. Kí ni mo rí? ADEBAMIGBE OLUWAFUNM, àlàfo funfun gbọọrọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣáà ti fẹ̀ ẹ́!” Ó ní, “A fẹ̀ ẹ́, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti gé kò sí nínú téèpù yìí mọ́ tí yóò fi padà. Àfi kí á lọ wá a níbi tí ó ti wá.” Ibi tí ó ti wá ni àwọn káàdì tí wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù àti máàkì àwọn ọmọ sínú ẹ̀rọ. A jọ sáré lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Páálí kún ibẹ̀ dé àjà, olùṣọ́ sì ń so àwọn kan mọ́ra, nítorí àwọn obìnrin ẹlẹ́pà máa ń wá kó bébà àti káàdì ògbólógbòó níbẹ̀. Wọ́n ti kó ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá lọ. Orí mi o, mo rò pé n óò kú kí a tó rí páálí tí wọ́n kọ Adó àti agbègbè rẹ̀ sí lára. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Okùn ti wà lára rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o rí i bí mo ṣe rí i. Ọkùnrin náà to àwọn káàdì sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì, fìrì fìrì fìrì, ojú kò lè bá a. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ń tẹ̀wé pariwo bí òjò orí páànù, tí bébà ń tú jáde tí ó ń ká ara rẹ̀ sílẹ̀, tí orúkọ sì ń bọ̀. Orúkọ odindi! Olúwadámiláre, Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, Adébísíkúọlá. Àwọn ọmọ Ìgèdè, àwọn ọmọ Adó, ọmọ tí n kò mọ̀ rí, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, títí dé lẹ́tà ìkẹyìn. Orí mi wú. Omi bọ́ lójú mi, n kò nù ún. Mo ti kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà láràárọ̀ fún ọdún méjì, n kò mọ̀ pé orúkọ lè tóbi tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n wà níbẹ̀, Olúwafúnmiláyọ̀ lókè, Olúwafúnmilọ́lá lábẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó yege.

Ọkùnrin náà kò yọ̀ bí mo ṣe ń yọ̀. Ó fi ìka lé ibi ọjọ́ ìbí. “Ìbejì ni wọ́n?” Mo ní rárá, ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. “Ta ni ó wá kọ èyí?” Mo ní èmi ni. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, “Kí ẹ̀rọ tó sọ wọ́n di ọ̀kan, ẹnì kan ti kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́.” Ó fi ojú ìwé náà sínú àpò fún mi, ó sì ní kí n kí Ìgèdè bí mo bá ń kọjá.

Bàbá àgbà ní ọ́fíìsì Adó yọ ìgò ojú rẹ̀ kúrò níwájú orí, ó fi wò ó, ó sì fọwọ́ sí ìwé Lọ́lá lójú ẹsẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n wọlé nígbà tí mo dé Ìgbẹmọ. Ìyàwó ni mo bá lẹ́yìn ilé, ó ń koná ìrẹsì. Mo ní, “Ìyá Lọ́lá, ọmọ yín náà ti wọlé.” Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó ní kí n kà á fún òun, kí n má fo ohunkóhun. Mo ka orúkọ, ó ń mi orí. Mo ka ilé-ìwé, ó ń mi orí. Mo ka ọjọ́ ìbí. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Ọjọ́ kìíní ọdún kẹ̀? Tíṣà, ẹ dá a padà. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n fún yín. Kì í ṣe ti ọmọ mi.”

Ó ti tún fẹ́ jókòó sídìí iná rẹ̀. Ó ti gbà pé ọmọ òun kò ní lọ, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa gbà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo jẹ́wọ́. Mo ní èmi ni mo fi ọjọ́ náà sí i, láti inú orí ara mi, pé ọmọ rẹ̀ gan-an ni. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. “Ẹ fi sí i? Àsìkò ìkórè ìrẹsì ni mo bí i, lọ́jọ́ Ẹtì, oòrùn ti yí.”

“Irọ́ ni,” ìyálé dáhùn láti inú ilé. Ó jáde síta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ìwé dé. “Oòrùn ò tíì yí. Ta ni ó gbé e nílẹ̀, ṣé èmi kọ́? Láyọ̀ ti èmi ń bẹ lẹ́yìn mi, uṣu tuntun ni òun bá wáyé, ó ń ké, o sì ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ní n kò sọ̀ ọ́, kí ó wo àbúrò rẹ̀ bí ó ti ń bọ̀.” Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí oòrùn, lórí ẹni tí ó bu omi, lórí ẹ̀kọ gbígbóná tí ìyálé fún un lẹ́yìn náà. Mo fa bírò yọ, mo jókòó sórí igi ìdáná, mo ń kọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Láyọ̀ àti Lọ́lá jọ gbé àpótí kan ṣoṣo wọ ọkọ̀ lọ sí Adó. Àwọn méjèèjì ti di ìyá àgbà báyìí.

Kọ̀ǹpútà wọ́pọ̀ lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi sápò, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí mo bá ń ròyìn ẹ̀rọ tí mo bọ́ bàtà fún. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ẹnu yà mí lọ́jọ́ náà ní Ìbàdàn, ó ṣì ń yà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá wà, ẹ̀yìn ilé yẹn ni ẹnu ti ń yà mí jù. Ọdún méjìlá ni àwọn obìnrin méjì yẹn fi mọ ọjọ́ náà, mọ ibi tí oòrùn wà, mọ ẹni tí ó ń ké àti ìdí tí ó fi ń ké, wọn kò sì gbàgbé ẹyọ kan, nítorí kí ẹnì kan lè bi wọ́n léèrè. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin bíi tiwọn, tí ilé wọn kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí kíláàsì mi, bàbá ni mo lọ bi.